14 àbí 15.6? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ síkírìnì yìí kí n tó kówó sílẹ̀

Títí_Agọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kúu dédé ìwòyí o. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ síkírìnì ẹ̀ ló wá ń dà mí láàmú. Agọ́-Ìwòyè ni mo wà, mo ṣì ń lọ skúùlù, àmọ́ iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni káàdì ìpè àti ìwé ètò ayẹyẹ tí mò ń ṣe fáwọn èèyàn, ìgbéyàwó o, òkú o, ìkómọ o, tí mo bá ti ṣe é tán màá gbé e lọ fáwọn tó ń tẹ̀wé n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ń ta láptọ́ọ̀pù gbé méjì sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan 14 íńṣì, èkejì 15.6, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, méjèèjì core i5, RAM 8, SSD 256. Ó ní èyí tó tóbi ni kí n mú, pé síkírìnì ńlá ló dáa. Àmọ́ nígbà tí mo tan méjèèjì, kékeré yẹn mọ́ ju ńlá lọ, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gún régé, ti ńlá wá rí bí ẹni pé wọ́n bu omi là á. Ṣé ojú mi ni àbí nǹkan wà ńbẹ̀? Mo tún máa ń gbé e wọ mọ́tò o, ẹ rántí ìyẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé mi, ẹ má fi gírámà pa mí.

Alátùnṣe_Òde

Ojú ẹ kọ́ o, nǹkan wà ńbẹ̀. Íńṣì tí wọ́n ń pè yẹn, láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kò sọ nǹkan kan nípa bí síkírìnì ṣe dáa tó. Iye píksẹ́lì ni kó o wò, àwọn ẹyọ iná bíńtín-bíńtín tó para pọ̀ di àwòrán yẹn. Tí mo bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀, màá ní 1366 x 768 ni 15.6 yẹn, ìyẹn HD lásán, 14 yẹn sì jẹ́ 1920 x 1080, ìyẹn Full HD. Èkíní fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan píksẹ́lì, èkejì lé ní mílíọ̀nù méjì. Wá wò ó, èyí tó ní díẹ̀ yẹn ni wọ́n tún lọ tẹ́ sórí ibi tó fẹ̀. Nínú íńṣì kan ṣoṣo lórí 15.6 HD, nǹkan bí 100 píksẹ́lì ló tò síbẹ̀, lórí 14 Full HD, nǹkan bíi 157. Ohun tójú ẹ rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé 15.6 yẹn náà Full HD ni, á sún mọ́ 141, o lè má tiẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan láàárín òun àti 14 àyàfi tó o bá ṣùjú wò ó.

Padà síbẹ̀, tẹ apá ọ̀tún máòsì níbi tí ò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, mú "Display settings", wàá rí "Display resolution" ńbẹ̀. Má gba ti ẹnu ẹni tó ń tà á, má sì gba ti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, tòkunbọ̀ ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ síkírìnì ẹ̀ lọ́hùn-ún tàbí níbí.

FíìmùNìkan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà pa ọmọ ọlọ́mọ. 15.6 HD lèmi ń lò o, màá gbé e sórí àga, èmi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fíìmù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń lọ, kò sẹ́ni tó ń ka píksẹ́lì. Títí, ńlá ni kó o mú jàre, ẹni tó bá fẹ́ wo nǹkan kékeré, ṣé fóònù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ni?

Alátùnṣe_Òde

@FíìmùNìkan fún fíìmù, o ò parọ́. Tó o bá jìnnà sí i, ojú ò ní lè ya píksẹ́lì kan kúrò lára èkejì mọ́, HD á dà bíi Full HD lójú ẹ. Àmọ́ ọmọ yìí ò ní wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á fẹjú mọ́ ọn ni, etí lẹ́tà lá máa wò, bóyá ìlà tó fà yí òdòdó ká ṣe déédéé, bóyá orúkọ olóògbé wà láàárín gangan. Ìlò yàtọ̀ sí ìlò.

Onífọ́tò_Ṣàgámù

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ píksẹ́lì dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ ba iṣẹ́ Títí jẹ́, àwọ̀ ni.

Fọ́tò ni mò ń yà. Tó bá ti di Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tiẹ̀. Àwọ̀ wáìnì ẹgbẹ́ tibí kì í ṣe wáìnì ẹgbẹ́ tọ̀hún, àwọn tó ni ín mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa bá ẹ jà lé e lórí. Tó o bá wá lọ ṣe irú fọ́tò yẹn lórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn síkírìnì fúnra ẹ̀, tí àwọ̀ ẹ̀ ò kún, wáìnì á máa rí bíi búráùn lójú ẹ, wàá ní kò pọ́n tó, wàá fi kún un, ó tún kù díẹ̀, wàá tún fi kún un, kó o tó mọ̀ fọ́tò ti dé orí fóònù oníbàárà, ó ti pupa fòò, wọ́n á ní ta ló pa aṣọ àwọn láró. Àlùkò náà bẹ́ẹ̀, orí pánẹ́ẹ̀lì burúkú á máa fà sí búlúù.

Nínú ìwé tó ń ṣàlàyé láptọ́ọ̀pù, wọ́n máa ń kọ "45% NTSC" fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn bí àwọ̀ tí wọ́n lè gbé jáde ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn ò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sRGB lọ, tàbí kó fi díẹ̀ lé, sRGB sì ni ìwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ nǹkan orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé. Tó o bá rí "72% NTSC" tàbí "100% sRGB", nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ, òun ni kí ẹni tó ń fi àwọ̀ jẹun máa wá. Ó wà ní 13.3, ó wà ní 14, ó wà ní 15.6, ó wà ní 17.3, èyí tí ò dáa náà sì wà nínú gbogbo wọn, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbàgbé íńṣì ná nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ TN àti IPS, irú pánẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n, kò sì gba kẹ́ ẹ ka ìwé kankan láti mọ̀ ọ́n. Ṣí fọ́tò èèyàn dúdú tó wọ aṣọ dúdú, jókòó síwájú ẹ̀, wá máa ti ìdérí láptọ́ọ̀pù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ TN, ojú èèyàn yẹn á ṣókùnkùn, wàá wá rí i tí àwọ̀ ń yí padà, ibi tó yẹ kó dúdú ń tàn, ibi tó yẹ kó tàn ń dúdú. Fa ìdérí síwájú, àwọ̀ gbogbo ẹ̀ á ṣí. Orí TN, bó o bá ṣe jókòó làwọ̀ ẹ á ṣe rí, tó o bá tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nìkan, fọ́tò ti di míì. IPS ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, o lè wò ó láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, ó lè rọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní yí padà. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ owó lórí TN láéláé, ìbáà tóbi tó ilẹ̀kùn.

TíṣàÌjagun

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tiẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń lo ìgò. Gbogbo yín ń sọ pé Full HD, Full HD, kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ yìí pé bí píksẹ́lì bá ṣe ń pọ̀ lórí ibi kékeré bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà á ṣe máa kéré sí i. Windows fúnra ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń mú lẹ́tà àti gbogbo ohun tó wà lójú 14 Full HD tóbi sí 150% tó bá ti rí i, tó sì máa ń gbé 15.6 Full HD sí 125%. Tó bá wà ní 150%, lẹ́tà á tóbi, á gún dáadáa, àmọ́ ààyè tó kù láti fi tẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀ á dà bíi ti síkírìnì 1280 x 720. Ẹ gbọ́ mi yé o, ó kéré sí ti HD 1366 x 768 tẹ́ ẹ̀ ń bú yẹn! Ti 15.6 tó wà ní 125% á dà bíi 1536 x 864. Èmi tí mò ń kọ ìbéèrè ìdánwò pẹ̀lú Excel máàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 14 ò gbà mí, mo ti lò ó rí, gbogbo ìgbà ni mò ń fa ojú ìwé sókè sódò.

Títí_Agọ́

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé ìyẹn ni pé tí mo bá ra 14, màá máa fà á sókè sódò náà?

TíṣàÌjagun

Ojú ẹ ṣì le, ọmọ mi. Gbé e sí 125% tàbí 100%, tó o bá lè kà á láìtẹ̀ síwájú, ó parí. Tó o bá ń tẹ̀ síwájú, ọrùn lo máa fi san gbèsè ẹ̀.

ỌmọAláré

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ẹ jẹ́ n dá sí i torí nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà, ìyẹn gíga síkírìnì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, 16:9 ni, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ sí gíga, wọ́n fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò ga. Àwọn tuntun ti ń padà sí 16:10. Ìṣirò ẹ̀ rèé. 14 tó jẹ́ 16:9 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31, ó ga tó 17.4. 15.6 tó jẹ́ 16:9 fẹ̀ tó 34.5, ó ga tó 19.4. Wá gbọ́ èyí, 14 tó jẹ́ 16:10 ga tó 18.8! Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan ò pé láàárín òun àti 15.6 ní gíga, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kéré, ó sì rọrùn láti gbé. 16 íńṣì tó jẹ́ 16:10, 34.5 ni fífẹ̀ ẹ̀, bíi ti 15.6 gan-an, àmọ́ ó ga tó 21.5, gíga 17.3 tó jẹ́ 16:9 nìyẹn lórí láptọ́ọ̀pù tí ò fẹ̀ tó o.

Kí ló kan Títí níbẹ̀? Ìwé ètò ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣẹ́ sí méjì yẹn, A4 tí wọ́n dùbúlẹ̀ ni, 29.7 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 21 ní gíga. Lórí 16 tó jẹ́ 16:10, ojú ìwé méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán bó ṣe máa rí lórí pépà gan-an. Lórí 15.6, fífẹ̀ á gbà á, gíga ò ní gbà á, o gbọ́dọ̀ sún un kéré. Lórí 14 tó jẹ́ 16:9, o máa sún un kéré dáadáa. Òótọ́ ni pé 16:10 tòkunbọ̀ ṣì wọ́n díẹ̀ ju 16:9 lọ, àmọ́ béèrè, 1920 x 1200 ni nọ́ńbà tó o máa rí fún un.

FíìmùNìkan

Ìjẹ̀bú àti ìṣirò 😂😂 ọkùnrin yìí gbé rúlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láptọ́ọ̀pù.

ỌmọAláré

Owó mi ni, mo sì máa wọ̀n ọ́n kí n tó san án. Àwọn ìyá wa n'Ọ́jà Òkè-Àjẹ́ kì í ra aṣọ láìwọ̀n ọ́n.

Ìyá_Ìtẹ̀wé

Ẹ kú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ̀ ń gbé iṣẹ́ yẹn wá bá, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí dénú. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń ya káàdì, tíṣẹ́ bá jáde, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń sọ ò ju méjì lọ. Èkíní, "Mà, kì í ṣe àwọ̀ tí mo rí lórí láptọ́ọ̀pù mi nìyí." Èkejì, "Mà, ó ti ṣókùnkùn jù."

Èkíní, ẹ gbọ́ mi dáadáa, síkírìnì ń fi iná pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe àwọ̀, ìtẹ̀wé ń fi íǹkì ṣe é, sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Àwọn àwọ̀ kan wà tí iná lè ṣe tí íǹkì ò lè ṣe láéláé, àwọ̀ ewé tó ń tàn bí iná yẹn tẹ́ ẹ fẹ́ràn nídìí ìkómọ, kò sí níbi tèmi. Síkírìnì olówó iyebíye ò ní yí ìyẹn padà. Ohun tó máa ṣe ni pé ẹ máa mọ̀ ṣáájú, tẹ́ ẹ bá ti gbé iṣẹ́ yín sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ íǹkì mẹ́rin yẹn, lórí pánẹ́ẹ̀lì tó dáa ẹ máa rí i tí àwọ̀ yẹn á kú lójú yín nílé, kì í ṣe níwájú oníbàárà.

Èkejì, ìmọ́lẹ̀ síkírìnì yín lẹ fi ń tan ara yín jẹ. Ẹ máa ń gbé e dé òkè pátápátá, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, fọ́tò bàbá olóògbé á máa tàn yanran, ẹ̀yin á tún wá dín in kù, pépà ò sì ní iná nínú ti ara ẹ̀. Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn wá sílẹ̀ títí pépà funfun tẹ́ ẹ gbé dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tó ojú ìwé funfun inú ẹ̀. Ẹ tún pa "Night light" yẹn o, mo ti rí ọmọ tó ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ lóru pẹ̀lú nǹkan yẹn ní títàn, funfun ẹ̀ ti di yẹ́lò lójú ẹ̀, ó wá fi búlúù kún gbogbo ẹ̀.

Onífọ́tò_Ṣàgámù

Màmá ti pa á 👏🏾. Ọ̀rọ̀ pépà funfun yẹn, èmi náà ń ṣe é.

Títí_Agọ́

Mo ti padà síbẹ̀ lónìí o, ẹ gbọ́ ohun tí mo bá. 15.6 yẹn, 1366 x 768 ni lóòótọ́, mo sì ti ìdérí ẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ̀gbọ́n Onífọ́tò ṣe ní kí n ṣe, àwọ̀ yí padà, irun èèyàn inú fọ́tò di fàdákà! Ẹni tó ń tà á ń wò mí, ó ní kí ni mò ń wá ńbẹ̀. 14 yẹn 1920 x 1080 ni, èyí ò yí padà tí mo bá tì í sẹ́yìn, inú mi ti ń dùn, àfi bí mo ṣe pe ọ̀rẹ́ mi pé kó wá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ò rí nǹkan kan, pé ó ṣókùnkùn. Mo lọ síbi tó dúró sí, lóòótọ́, kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ iwájú ẹ̀ ń tàn. HP EliteBook ni. Ẹni tó ń tà á ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé kí olè má bàa rí ohun tó o ń ṣe. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ti bàjẹ́?

Alátùnṣe_Òde

Òótọ́ ló sọ, kò bàjẹ́. Sure View ni HP ń pè é, wọ́n ṣe é fáwọn òṣìṣẹ́ báńkì àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú, kí ẹni tó jókòó tì wọ́n má bàa kà á. Tẹ F2, wò ó bóyá àwòrán ojú kékeré kan wà lára bọ́tìnì yẹn, tó o bá tẹ̀ ẹ́ á kúrò. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ jáde, kódà tó o bá pa á, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì máa ń ṣú ju ti IPS lásán lọ. Ìwọ tó jẹ́ pé oníbàárà á jókòó tì ẹ́ tá á máa ní "gbé orúkọ ìyá ìyàwó sókè díẹ̀", á wọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Má mú u.

ỌmọAláré

Kí ló tún wà níbẹ̀?

Títí_Agọ́

Ó ní òun ní ThinkPad T480 kan tó ń bọ̀, 14 náà ni. Ó sì ní tí mo bá mú 15.6 yẹn òun á yọ owó gidi kúrò. Ẹ̀gbọ́n Alátùnṣe, ṣé síkírìnì ẹ̀ ò ṣe é pààrọ̀ ni?

Alátùnṣe_Òde

Ó ṣe é pààrọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn, àmọ́ fetí sílẹ̀. 15.6 lo máa fi rọ́pò 15.6, íńṣì ò ṣe é yí. Tí mo bá ti ṣí férémù iwájú, mo máa ń tú pánẹ́ẹ̀lì kúrò, màá dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ ẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn lára ìwé funfun. Tí mo bá rí N156BGE tàbí B156XTN, HD TN nìyẹn, mi ò tiẹ̀ ní tan án kí n tó mọ̀. Tí mo bá rí N156HCE, B156HAN tàbí NV156FHM, Full HD nìyẹn, ó sì wà ní ìdílé IPS. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wáyà. Wáyà tó wà lóde báyìí, eDP ni wọ́n ń pè é, HD àti Full HD lásán sábà máa ń jẹ́ 30 pín-ìn-nì, ìyẹn eyín ẹnu wáyà. Tó o bá rí 40, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, tàbí èyí tó ń sáré 144Hz, tàbí kó jẹ́ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo LVDS, ìyẹn ò bá eDP mu rárá, ẹni bá kì í bọ̀ ọ́ á jó nǹkan. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ 30 náà, wáyà míì tí wọ́n ṣe fún HD, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n so nínú ẹ̀, Full HD sì ń fẹ́ méjì, síkírìnì ò ní tan, o máa tún ra wáyà. Wo irin tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, òmíràn ní etí tí wọ́n ń dè pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, òmíràn ò ní, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá sì máa dán an wò fúnra ẹ̀ nílé, kó yọ wáyà bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan wáyà síkírìnì o. Èyí tí wọn ò yọ ló ń jó fíúsì iná ẹ̀yìn, wọ́n á wá gbé e wá bá mi pé pánẹ́ẹ̀lì tuntun ti kú.

Nítorí náà Títí, owó tí wọ́n bá yọ fún ẹ lórí 15.6 yẹn gbọ́dọ̀ tó pánẹ́ẹ̀lì, tó iṣẹ́, kó ṣẹ́ kù. Tí kò bá tó, gbàgbé ẹ̀.

Onífọ́tò_Ṣàgámù

T480 yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó kàn sáré lọ mú u. Mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, HD tó jẹ́ TN, Full HD tó jẹ́ IPS, àti 2560 x 1440. HD ẹ̀ ò dáa ju èyí tó rí lọ. Full HD ẹ̀ mọ́, kò yí padà, àmọ́ 250 nits péré ni wọ́n kọ fún un, àwọ̀ ẹ̀ ò sì kún, IPS nìkan ò tó fún àwọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan náà ni. Fún káàdì tó jẹ́ pé lẹ́tà ló pọ̀ jù níbẹ̀, á ṣe é. Tó bá jẹ́ fọ́tò lo fẹ́ máa tún ṣe bíi tèmi, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú.

Nits yẹn ni agbára ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. 250, nínú yàrá ó tó, níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ojú ara ẹ lo máa máa rí nínú ẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tó ń dán, bó bá jẹ́ èyí tí ò dán, àwọ̀ ẹ̀ á kàn ṣí ni. 300 sàn, 400 sókè lo lè fi jókòó síta.

OwóWà_Ìpẹru

Kí lẹ rí sí OLED? Mo fẹ́ ra tuntun, owó kọ́ ni wàhálà mi.

Onífọ́tò_Ṣàgámù

Owó kọ́ ni wàhálà kẹ̀, ẹ kú oríire sà 😂. Àwọ̀ ẹ̀ dùn, dúdú ẹ̀ dúdú kirikiri torí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara ẹ̀, tó bá jẹ́ dúdú á kú pátá. Àmọ́ nǹkan tó bá ń dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, bíi ìlà tó wà nísàlẹ̀ Windows, ó lè fi àpá sílẹ̀ lára ẹ̀. Ojú ìwé funfun náà ń jẹ bátìrì lórí ẹ̀ ju dúdú lọ, ẹ bi ara yín léèrè iye wákàtí tí iná fi ń wà ládùúgbò yín. Òmíràn tún máa ń ṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá rẹ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ojú lè má rí i, orí á kàn máa fọ́ yín. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù síwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń sáré kọjá, òun nìyẹn.

OwóWà_Ìpẹru

MacBook Air ńkọ́?

Alátùnṣe_Òde

Èyí tó jáde láti 2018 sí 2020, 13.3 ni, 2560 x 1600, bíi 227 píksẹ́lì nínú íńṣì kan, kékeré tó ń dójú ti ńlá nìyẹn. Ti 2010 sí 2017, 13.3 kan náà, 1440 x 900 ni, TN sì ni. Tẹ́ ẹ bá pa ìdérí wọn dé, ẹ lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀, wọ́n sì ń fi ti àtijọ́ lu àwọn èèyàn. Ẹ béèrè ọdún ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó nínú "About This Mac".

Títí_Agọ́

Ẹ̀yin àgbà, T480 yẹn ti dé, Full HD ni, mo wò ó nínú "Display settings", mo tì í sẹ́yìn, mo fà á síwájú, ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wa rí i. Mo gbé àwòrán dúdú, funfun, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sórí fóònù mi, mo fi wáyà gbé wọn sínú ẹ̀, mo ṣí wọn kún ojú síkírìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí pupa àti búlúù kò sí nǹkan kan, lórí funfun ni mo ti rí ibì kan tó funfun ju ibi tó kù lọ, bí orí àtàǹpàkò, lápá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Alátùnṣe_Òde

Ibi tí nǹkan tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, wọ́n to láptọ́ọ̀pù lé ara wọn lórí nínú kọ̀nténà. Kì í sábà tàn kálẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wàá ti dúnàá-dúràá nìyẹn, má jẹ́ kó sọ pé "kékeré ni".

Títí_Agọ́

Mo ti dúnàá-dúràá ẹ̀ tán sà, ó yọ owó kúrò, mo sì ti gbé e wálé. 125% ni mo fi sí, mò ń kà á láìtẹ̀ síwájú, Tíṣà. Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Màmá Ìtẹ̀wé, ṣé mo lè gbé iṣẹ́ kan wá kẹ́ ẹ bá mi tẹ ẹyọ kan péré, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ síkírìnì kí n mọ ibi tó ti ń parọ́ fún mi?

Ìyá_Ìtẹ̀wé

Gbé e wá, gbé láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an dání. Fi wáìnì, àlùkò, àwọ̀ ewé àti ojú èèyàn méjì sórí A4 kan, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, torí ara èèyàn ló ń tètè tú síkírìnì fó. PDF ni kó o fi ránṣẹ́ o. Tó bá jẹ́ CorelDRAW lo máa gbé wá, sọ gbogbo lẹ́tà ẹ̀ di "curves" kó o tó kúrò nílé, mi ò ní fọ́ńtì tó o ń lò, kí orúkọ ìyàwó má bàa dé ibí kó yí padà.

Títí_Agọ́

Mo ti gbọ́ mà. Ọjọ́ Ẹtì, tí iná bá wà.

Ìyá_Ìtẹ̀wé

Jẹnẹrétọ̀ wà. Wá láàárọ̀, kí oníbàárà tó pọ̀.